Kí ni mo lè fi rọ́pò búrẹ́dì àárọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Òṣogbo ni mo wà, aṣọ ni mo ń tà nítòsí Ọjà Ọba. Dókítà ní kí n dín oúnjẹ afáralókun kù nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi. Àmàlà alẹ́ kò le fún mi láti dín kù. Búrẹ́dì àárọ̀ gan-an ni wàhálà.

Mo gbìyànjú búrẹ́dì aláwọ̀ igi, àlìkámà kan náà ṣáà ni. Bọ̀ọ̀lì ò yàtọ̀. Mọ́ínmọ́ín dára, ó ń mú inú dúró dáadáa, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa lọ ẹ̀wà ní ìdájí lójoojúmọ́? Wàrà sóyà ti sú mi. Ẹyin sísè sì rèé, kò ṣeé rẹ sínú tíì!

Wọ́n ní a lè fi ìyẹ̀fun àgbọn àti ẹyin ṣe nǹkan bíi búrẹ́dì. Gáàsì àti ìkòkò nìkan ni mo ní. Ẹni tó ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́: ẹyin mélòó ni ife ìyẹ̀fun kan ń gbà, kí ni n ó fi sí i kó má baà fọ́ wẹ́wẹ́, ṣé ó sì lè jinná nínú ìkòkò?