Ìpọkànpọ̀ oṣó nínú D&D: ìbéèrè nípa òfin àti nípa iṣẹ́ àrà ìpele kẹrin

Oṣó Olówùú béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà nínú eré D&D, eré ìtàn orí tábìlì tí a ń fi dáìsì ṣe, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ nídìí tábìlì wa nígbà tí a jókòó ṣeré kẹ́yìn, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi, nítorí ó kan òfin, ó sì tún kan bí màá ṣe máa kọ́ ẹ̀dá ìtàn mi lọ. Ìwé òfin ọdún 2014 ni a ń lò. Oṣó ni ẹ̀dá mi, ọmọ ẹ̀yà high elf ni, ó wà ní ìpele kẹta, ó sì kù díẹ̀ kó wọ ìpele kẹrin. Àmì 27 tí òfin gbà wá láyè láti fi ra ìwọ̀n ni mo fi kọ́ ọ. Lẹ́yìn tí mo fi ẹ̀bùn ẹ̀yà rẹ̀ kún un, òye rẹ̀ jẹ́ 16, ìjáfáfá rẹ̀ 16, ọgbọ́n 10, agbára 8, ìfanimọ́ra 8, okun rẹ̀, ìyẹn ohun tí ìwé òfin ń pè ní Constitution, sì jẹ́ 15.

Mo pe ọfọ̀ Web, èyí tó ń ta òwú bíi ti aláǹtakùn dí ọ̀nà, ó sì há goblin mẹ́rin, ẹ̀dá ọ̀tá kéékèèké, mọ́. Ọfọ̀ tó gba ìpọkànpọ̀ ni. Bí ọkàn ẹni tó pè é bá yẹ̀, òwú náà pòórá. Kí ó tó tún kàn mí, tafàtafà méjì tí òwú kò mú ta mí lọ́fà. Ọ̀kan gba àmì ẹ̀mí 7 lọ́wọ́ mi, èkejì gba 6. Alákòóso eré wa ro méjèèjì pọ̀, ó ní 13 ni, ó sì ní kí n ju dáìsì olójú 20 lẹ́ẹ̀kan, kí àròpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àfikún okun mi, tí í ṣe 2, má dín sí 13. Mo ju 9. Ó di 11, ọfọ̀ já, àwọn goblin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jáde sí wa, ni ọ̀rọ̀ bá di bó ò lọ o yà fún mi.

Ṣé bí òfin ṣe wí nìyẹn? Lọ́nà kejì, kí ni kí n ṣe kí irú èyí má fi máa ṣẹlẹ̀ mọ́? Ẹnìkan nídìí tábìlì ní kí n fi ìpele kan kọ́ iṣẹ́ jagunjagun nítorí pé okun wọn dára, ẹlòmíràn ní kí n yan War Caster, ọ̀kan nínú iṣẹ́ àrà (feat), ìyẹn ẹ̀bùn àkànṣe tí a lè mú ní ìpele kẹrin dípò fífi kún ìwọ̀n, èmi fúnra mi sì ń wo Resilient. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè pe ọfọ̀ mìíràn nígbà tí òwú náà ṣì wà nílẹ̀, nítorí mo kàn dúró lásán ní gbogbo àkókò náà, ẹ̀rù ń bà mí pé yóò já.

Adarí Tábìlì fèsì pé:

Ẹ kú ìbéèrè. Àṣìṣe méjì ni alákòóso yín ṣe, ohun tó sì pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé àṣìṣe náà ṣe yín lóore.

Lákọ̀ọ́kọ́, kì í ṣe iye àmì ẹ̀mí tí ẹ pàdánù ni dáìsì yín ní láti bá dọ́gba. 10 ni òfin béèrè, tàbí ìdajì ìpalára náà, èyí tó bá ga jù nínú méjèèjì. Ọfà tó gba 7 àti èyí tó gba 6 kò lè béèrè ju 10 lọ. Àfi bí ìpalára kan ṣoṣo bá tó 22, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ 11, ni iye náà tó lè kọjá 10. Lọ́nà kejì, a kì í ro ìpalára tó wá láti orísun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀. Ọfà kọ̀ọ̀kan ní dáìsì tirẹ̀, ọfọ̀ yín sì ní láti la méjèèjì já.

Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Bí alákòóso yín ṣe ṣe é, ẹ nílò 11 lójú dáìsì, ìyẹn ni pé ìdajì gééré ni ìrètí yín. Bí òfin ṣe wí, 8 ni ẹ nílò lẹ́ẹ̀mejì, ìrètí ẹ̀ẹ̀kan sì jẹ́ ìdá 65 nínú 100. Bí a bá fi ẹ̀ẹ̀kejì kún un, ó wálẹ̀ sí ìdá 42 àti díẹ̀. 9 tí ẹ jù ìbá gbà yín lọ́wọ́ ọfà àkọ́kọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣì jẹ ọfà kejì ní gbèsè. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ sọ ọ́ fún un lẹ́yìn eré, kì í ṣe láàárín ìjà. Alákòóso lẹ́tọ̀ọ́ láti yí òfin padà nídìí tábìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí gbogbo ẹni tó jókòó mọ̀ pé yíyí ni ó yí i.

Ní ti ọfọ̀ mìíràn, ẹ má dúró lásán mọ́. Ọfọ̀ tó tún gba ìpọkànpọ̀, bíi Invisibility tó ń sọni di aláìrí, nìkan ni yóò pa Web, ó sì ń pa á lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe tuntun. Magic Missile, Shield àti gbogbo ọfọ̀ kékeré tí kì í ná yín ní nǹkan kan tí kò sì gba ìpọkànpọ̀ kò ní ìjà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá dákú tàbí tí nǹkan mú yín débi pé ẹ kò lè ṣe ohunkóhun, ọfọ̀ náà parí láìju dáìsì.

Ẹni tó ní kí ẹ kọ́ iṣẹ́ jagunjagun ti ka ìdajì òfin ni. Jagunjagun mọ jíju dáìsì okun dunjú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fi iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní ìpele àkọ́kọ́ nìkan ni òfin fún ní ìmọ̀ náà. Ẹni tó wá kọ́ ọ lẹ́yìn kò ní rí i gbà. Ẹ óò rí apata àti ìhámọ́ra tó sàn díẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ọfọ̀ ìpele kẹta tó yẹ kó dé ọwọ́ yín ní ìpele karùn-ún yóò sún sí ìkẹfà, iṣẹ́ àrà tí ẹ ń gbèrò rẹ̀ yìí náà yóò sì sún síwájú.

Onísirò Dáìsì fèsì pé:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Adarí Tábìlì sọ, mo sì fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ War Caster àti Resilient, nítorí ìdáhùn náà ti wà nínú ìwọ̀n tí ẹ̀yin fúnra yín rà. Okun 15 ná yín ní àmì 9, bẹ́ẹ̀ 14 kò ná ju 7 lọ, àfikún kan náà, 2, ni méjèèjì sì ń fúnni. Àmì méjì yẹn kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan fún yín láti ìgbà tí ẹ ti kọ́ ẹ̀dá yìí. Resilient ló lè jí i dìde: ó ń fi 1 kún okun, yóò di 16, àfikún rẹ̀ yóò di 3, yóò sì jẹ́ kí ẹ máa fi àfikún ìmọ̀ṣẹ́ yín, èyí tó jẹ́ 2 báyìí tó sì ń ga bí ìpele ṣe ń ga, kún dáìsì okun. War Caster ní tirẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ ju dáìsì méjì fún ìpọkànpọ̀, kí ẹ mú èyí tó ga.

Bí ó bá jẹ́ 10 ni ẹ ń lé, War Caster yóò fún yín ní nǹkan bí ìdá 88 nínú 100 láti òní lọ, kò sì ní yí padà bí okun yín kò bá yí padà. Resilient yóò fún yín ní 80 ní ìpele kẹrin, 85 ní ìkarùn-ún nígbà tí àfikún ìmọ̀ṣẹ́ bá di 3, àti 90 ní ìkẹsàn-án nígbà tó bá di 4. Bí ìpalára bá tó 30, tí ẹ wá ń lé 15, War Caster fúnni ní 64, Resilient sì ń lọ láti 55 sí 60, títí tó fi dé 65 ní ìpele kẹsàn-án kan náà. Ibẹ̀ ni ó ti ń yọrí. Ní ìpele kẹtàdínlógún, àfikún yín yóò jẹ́ 9, nítorí náà ìpalára èyíkéyìí tí kò bá ju 21 lọ kò lè já ọfọ̀ yín mọ́, kódà bí ẹ bá ju 1.

Kì í ṣe ìpọkànpọ̀ nìkan ni ẹ ń rà pẹ̀lú. Májèlé àti ọ̀pọ̀ ohun mìíràn tó ń bá ara jà ń béèrè dáìsì okun kan náà, War Caster kò sì ní ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àǹfààní rẹ̀ yòókù, pé ẹ lè pe ọfọ̀ pẹ̀lú apata àti ohun ìjà lọ́wọ́, kò wúlò fún oṣó tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ká ní ìwé òfin ọdún 2024 ni ẹ ń lò ni, màá tún inú rò, nítorí nínú ti ọ̀hún War Caster náà ń fi 1 kún òye.

Ẹ̀yìn Ògiri fèsì pé:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàtakò díẹ̀. Ẹni tí ọfà kò bà kì í ju dáìsì kankan. Ibo ni ẹ dúró sí nígbà tí tafàtafà méjì ń rí yín kedere?

Goblin lásán ń fi 4 kún dáìsì rẹ̀ nígbà tó bá ń tafà. Bí ẹ bá ti pe Mage Armor, ọfọ̀ tó ń dáàbò bo ara, ní òwúrọ̀, ààbò ara yín, ìyẹn iye tí dáìsì ọ̀tá kò gbọ́dọ̀ dín sí kó tó bà yín, jẹ́ 16, ìrètí rẹ̀ láti bà yín sì jẹ́ ìdá 45 nínú 100. Bí ẹ bá sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri tó bo ìdajì ara, ààbò di 18, ìrètí rẹ̀ sì di 35. Bí ẹ bá jókòó síbi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ pe Shield nígbà tí ọfà àkọ́kọ́ dé, ààbò di 21 títí yóò fi tún kàn yín, ọfà kejì pàápàá yóò bá a níbẹ̀, ìrètí goblin kọ̀ọ̀kan kò sì ju 20 lọ. Ẹ ní àyè mẹ́rin fún ọfọ̀ ìpele kìíní lójúmọ́. Èmi ìbá ná ọ̀kan síbẹ̀.

Nítorí náà, èmi yóò gbé òye lọ sí 18 ní ìpele kẹrin, kí iye tí ọ̀tá gbọ́dọ̀ jù láti bọ́ nínú ọfọ̀ mi kúrò ní 13 bọ́ sí 14, màá sì fi Resilient sílẹ̀ di ìpele kẹjọ. Onísirò Dáìsì fúnra rẹ̀ ló sọ pé ìpele kẹsàn-án ni ó tó ń borí.

Onísirò Dáìsì fèsì pé:

Ó ń borí War Caster ní ìpele kẹsàn-án; kò túmọ̀ sí pé kò wúlò ṣáájú. Ìpele karùn-ún ni Haste, ọfọ̀ ìpọkànpọ̀ tó ń mú ara ẹni yá, wọlé, bí ó bá sì já, ọ̀rẹ́ tí ẹ pè é lé lórí kò ní lè rìn, kò sì ní lè ṣe ohunkóhun títí ìgbà tó kàn án yóò fi kọjá. Àṣìṣe ẹnì kan, ìyà ẹni méjì. Ṣùgbọ́n mo gba ọ̀rọ̀ ògiri.

Oṣó Olówùú fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti bá alákòóso wa sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo fi ìṣirò 42 hàn án, ó sì ní láti ìsinsìnyí lọ, ọfà kọ̀ọ̀kan yóò gba dáìsì tirẹ̀. Ó tún sọ pé ìtàn wa kò ní kọjá ìpele kejìlá, nítorí náà Resilient ni mo mú báyìí, òye yóò sì tẹ̀ lé e ní ìpele kẹjọ, pàápàá nítorí pé alákòóso wa kò lè ṣe ìjà kan kó má fi tafàtafà sí i. Mo ti kọ Shield sí òkè ìwé ẹ̀dá mi pẹ̀lú yíǹkì pupa.

Ìbéèrè kékeré kan ló kù: nígbà tí àfikún okun bá kúrò ní 2 di 3, ṣé ìpele kẹrin nìkan ni àmì ẹ̀mí mi yóò pọ̀ sí, àbí ó kan àwọn tó ti kọjá?

Adarí Tábìlì fèsì pé:

Ó kan gbogbo wọn, bí ẹni pé okun yín ti jẹ́ 16 láti ìpele àkọ́kọ́. Ẹ fi 4 kún un, lẹ́yìn èyí tí ìpele tuntun fúnra rẹ̀ bá mú wá.