Ìyá mi ń lọ Toronto: wákàtí mélòó ni wọ́n máa lò gan-an?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, màmá mi, ẹni ọdún 71, fẹ́ lọ bá àbúrò mi obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun ní Toronto ní December yìí, wọn ò sì wọ bàlúù rí. Mo wo Google, ó ní Lagos sí Toronto jẹ́ nǹkan bíi 8,900 kìlómítà, ẹnìkan bá mi ṣírò ẹ̀ pé tí bàlúù bá ń sá 900 ní wákàtí kan, wákàtí 10 ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ní wọ́n á gbéra ní 10:50 alẹ́ Sunday, wọ́n á dé ní aago 3 ọ̀sán Monday, ìyẹn bíi 16. Ejẹ́ńtì ní 22. Èwo ni ká gbà? BP ń bẹ lára wọn, ẹsẹ̀ wọn máa ń wú tí wọ́n bá jókòó pẹ́, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Bàbá Ṣèyí, Ṣágámù: Ejẹ́ńtì yẹn ló gbà á. Ìlà tààrà ni Google fà, màmá ò ní gba ibẹ̀. Ṣé London ni wọ́n ti máa yà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Bẹ́ẹ̀ ni sà. 4:20 ìdájí ni wọ́n á dé ibẹ̀, aago 12 ọ̀sán ni wọ́n á tún gbéra.

Bàbá Ṣèyí, Ṣágámù: Ẹ wò ó. Lagos sí London ń lọ sí 5,000 kìlómítà, wákàtí 6 ààbọ̀. London sí Toronto tó 5,700, bíi wákàtí 8, torí afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún máa ń dojú kọ bàlúù tó bá ń lọ ọ̀hún, tí wọ́n bá ń bọ̀ ló máa tì wọ́n lẹ́yìn, ó lè má ju 7 lọ. Ẹ fi wákàtí 7 àti ogójì ìṣẹ́jú tí wọ́n máa fi dúró ní London kún un, ó ti lé ní 22 nìyẹn. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni tíkẹ́ẹ̀tì ń kọ, wákàtí 6 ni Toronto fi wà lẹ́yìn wa ní December, òun ló jẹ́ kẹ́ ẹ rí 16.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò lè gba Atlanta ni? Láti Lagos tààrà ni, bíi wákàtí 12, ibẹ̀ sí Toronto ò ju bíi 2 àti díẹ̀ lọ.

Bàbá Ṣèyí, Ṣágámù: Wọ́n máa nílò físà Amẹ́ríkà, kódà tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ kọjá níbẹ̀ ni.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó: Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀, èmi náà lọ bá ọmọ mi lọ́ùn-ún. Sọ fún ejẹ́ńtì kó bá wọn búùkù wíìṣíà, àga onítáyà yẹn, báyìí, má dúró dọjọ́ náà, torí ìrìn inú London yẹn pọ̀ fún àgbàlagbà. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni kí wọ́n fún wọn kí wọ́n lè máa dìde rìn, kí wọ́n máa mumi, kí wọ́n bi dókítà bóyá ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ yẹn dáa fún wọn. Oògùn BP, báàgì ọwọ́ ni kó wà o, má fi sínú ẹrù ńlá, kí dókítà sì sọ ìgbà tí wọ́n máa lò ó nítorí aago tó yí padà yẹn.

Àbúrò Òdògbólú: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè kúrò nílé, ó pẹ́ jù aago 2 ọ̀sán, ẹ mọ bí ọ̀nà ẹsípíréèsì ṣe máa ń rí láti Ṣágámù dé Bẹ́ágà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti pe ejẹ́ńtì nítorí wíìṣíà, ó láwọn á kọ ọ́ sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀la ni mo máa mú wọn lọ rí dókítà.