Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbé abúlé ní Kétu, kó ka èyí kó tó di ẹrù

Ìyá Ìbejì (Leeds):
Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará wa. Ìbéèrè ti pọ̀ jù fún mi lórí fóònù, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa jọ kà á. Òótọ́ ni, èmi àti bàbá àwọn ọmọ lọ gbé abúlé kan lẹ́bàá Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. A kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ o. Ẹ̀gbá lèmi, ọmọ Ìbàdàn lọkọ mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ló ní ìyá tó ṣì wà lóko níbẹ̀, òun ló bá wa ṣètò rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ nìyí: ẹ má lọ bí àlejò. Àlejò ni wọ́n ń gbé àga fún. Wọ́n á pa adìyẹ, wọ́n á ní kí ẹ jókòó síbi ibòji, ẹ ò sì ní fọwọ́ kan nǹkan kan títí ẹ ó fi padà wálé. Kí ẹni tó ń mú yín lọ ti sọ fún wọn ṣáájú pé iṣẹ́ lẹ wá kọ́, kó sì dárúkọ iṣẹ́ náà. Èmi ní ìrù ni mo fẹ́ kọ́, ọkọ mi ní oko ẹ̀gẹ́ ló wu òun. Obì àti ọtí la kọ́kọ́ gbé lọ kí baálẹ̀ ká tó tú ẹrù. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tí ìyá fi ń kan ilẹ̀kùn. Kò tiẹ̀ bi mí bóyá mo sùn.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti ìwé. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò nílò físà, 90 ọjọ́ ni ECOWAS fún wa. Ẹni tó bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà nìkan ló ní, kó gba físà lójú ewé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ má gbàgbé yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Láti Kútọnu, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) la gbà, ká tó kọjá Sakété àti Pọbẹ̀ dé Kétu. Ọ̀nà Ìmẹ̀kọ sí Ìlárá yá fún ẹni tó ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìwé òyìnbó ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ gba Sẹ̀mẹ̀ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ní nọ́ńbà àtijọ́ àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ lọ́wọ́ tí kò wọlé mọ́, ẹ fi 01 síwájú rẹ̀. Láti ìparí oṣù kọkànlá 2024 ni nọ́ńbà wọn ti kúrò ní ẹyọ mẹ́jọ, ó ti di mẹ́wàá. Ihò iná wọn, oníhò méjì róbótó ni, ṣájà tiwa níbí kò wọ̀ ọ́.

Ó ku ìrù. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ ẹ́, mi ò mọ bí ìyà tó ń jẹ ẹni tó ń ṣe é ṣe pọ̀ tó. Alẹ́ la gbé e kaná, igi la fi ń dáná, ó sì ń hó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa jí bomi sí i. Nígbà tó bá rọ̀, a dà á sínú odó ńlá, a da eérú lé e, a wá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo dúdú náà lè bọ́. Fífọ̀ rẹ̀ ló wá kù. Omi ò sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ilẹ̀ Kétu ga, kànga wọn jìn. Ìyá kì í da omi ìfọ̀kẹyìn nù. Òun ló fi ń fọ ìpín tó kàn lákọ̀ọ́kọ́, kó tó bu omi tó mọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, a tún sè é, a sẹ́ omi rẹ̀, a sì bò ó pẹ̀lú gbígbóná rẹ̀ sínú agbọ̀n tí a tẹ́ ewé sí, a fi àpò di í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ló ń jinná. Ìyá kì í wo aago. Á ki ìka méjì bọ̀ ọ́, á tẹ hóró kan, á ya ìka náà kúrò lára wọn, á wò ó bóyá ó ń fà. Ó wo tèmi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní "kò tíì yá," ló bá bò ó padà. Ó di ọjọ́ kejì kó tó gbà kí n fi iyọ̀ sí i.

Bàbá Ìbejì (Leeds):
Ẹ̀yin ará, ìyàwó mi kò sọ pé ọwọ́ mi lé ròrò. Ọkọ́ wọn kúrú, ìbẹ̀rẹ̀ lèèyàn ń bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé èmi ni mo wa ẹ̀gẹ́, mo rù ú délé, àwọn obìnrin bó o, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n gbé òkúta lé àpò rẹ̀ kí omi lè ro dànù, wọ́n yan án. Mo ní kí wọ́n bù díẹ̀ fún mi, ìyàwó ilé ní kí n mówó wá. Owó gàrí, ti obìnrin ni níbẹ̀. Mo ná an títí, kò yọ kọ́bọ̀ kan.

Àbúrò Toronto:
Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé sà. Owó ilé ńkọ́? Ojú ń tì mí láti bi ẹni tó fẹ́ mú èmi àti ìyàwó mi lọ.

Ìyá Ìbejì (Leeds):
Àbúrò mi, kí lojú ń tì ọ́ fún? Òun ni kí o kọ́kọ́ sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ni kí o bá sọ ọ́, má bá ìyá sọ ọ́. Tí o bá ka owó lé àgbàlagbà lọ́wọ́ níṣojú aládùúgbò, o ti sọ ilé rẹ̀ di òtẹ́ẹ̀lì nìyẹn, wọn á sì fi bú u tí o bá lọ tán. Ọmọ rẹ̀ la fún lówó oúnjẹ ká tó gbéra, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, igi ìdáná, ọṣẹ àti owó ẹ̀rọ tó ń rẹ́ ẹ̀gẹ́ la ń sáré san kí wọ́n tó san án. Kí sẹ́fà rẹ, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, jẹ́ wẹ́wẹ́ o. Ẹni tó gbé 10,000 lọ ra ata, ata náà ni yóò fi sílẹ̀.

Ọmọ Ṣàbẹ (Paris):
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n gbé ọtí wá bá gbogbo wa. Mùsùlùmí pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ṣàbẹ, ìlú Yorùbá mìíràn ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹ̀sìn baálẹ̀. Obì àti ṣúgà kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lápá ọ̀dọ̀ wa, kó wá àwọn obìnrin Fúlàní tó ń ṣe wàrà. Ewé bọmubọmu ni wọ́n ń gún sínú mílíìkì tó ń gbóná kó lè dì, wọ́n á sì fi pòròpórò ọkà bàbà pa á láró pupa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ ẹ́ tán síbẹ̀. Wọn ò gbà kéèyàn gbé wàrà wọ London tàbí Paris láti ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n á gbà á ni.

Màmá Houston:
Ìyá Ìbejì, Orò ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó le níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Leeds):
Màmá, tí wọ́n bá ti ní Orò ń jáde lálẹ́, obìnrin kì í yọjú síta, ìwé òyìnbó ò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sùn. Ọkọ mi náà ò jáde, kì í ṣe awo. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lẹ lè wò. Kétu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ti ṣẹ̀, UNESCO sì ti kéde rẹ̀ lágbàáyé láti 2001. Ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò. Tí ẹ bá sì wọ inú ìlú, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè odi ìlú láyé ogun Dàhòmì. Àwọn ará Dàhòmì tú ìlú náà ká ní 1886, ṣùgbọ́n ẹnubodè náà wà níbẹ̀.

Bàbá Àjàṣẹ́ (Marseille):
Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tí ẹ̀rù abúlé bá ń bà, kó kọ́kọ́ yà sí Songhaï ní Àjàṣẹ́, ibi tí fádà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Wọ́n ń kọ́ni ní ọ̀sìn ẹja àti adìyẹ, ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n sì fi ń ṣe gáàsì ìdáná. Ibùsùn wà níbẹ̀, oúnjẹ wà.

Àbúrò Toronto:
Ẹ ṣé sà. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe gbé ìrù náà débí tí inú ọkọ̀ òfuurufú kò fi kún fún òórùn?

Ìyá Ìbejì (Leeds):
A sá a gbẹ dáadáa, a kó o sínú ike tó ní ìdérí líle, a fi ọ̀rá méjì wé e, ó sì wọ inú àpótí tó ń lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀. Má gbé e dání wọlé o. Tí o bá délé, inú fírísà ni kí o kó o sí.