Báwo lẹ ṣe ń kọ àlàyé sára class yín ní Python?

ọmọ_Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún àwọn ìyá tó ń dá àjọ lọ́jà Wàndó. Class mi (àwòṣe tí mo fi ń ṣe àjọ kọ̀ọ̀kan nínú code) ń jẹ́ `Ajo`. Mo kọ docstring (àlàyé fún ẹni tó bá ń ka code) sábẹ́ rẹ̀: «Class fún àjọ.» Ẹni tá a jọ ń ṣe é kà á, ó bú sẹ́rìn-ín: «Kí lo wá sọ tí orúkọ rẹ̀ ò tíì sọ?» Mo bá fi `iye: int` kún un. Ṣé kò tíì tó ni?

ará_Kétu
Kò tó, àbúrò. `int` ní nọ́ńbà ni. Ṣé owó ọ̀sẹ̀ ni àbí ti oṣù? Fránkì ni àbí náírà? (Lọ́dọ̀ tiwa tí ẹnubodè ò jìnnà sí, ìjà nìyẹn.) Python gan-an kì í fi type hint (irú `: int` tó o kọ yẹn) dá ẹnikẹ́ni dúró: bí wọ́n bá ki «ẹgbẹ̀rún» sí `iye`, á gbà á wọlé. Irinṣẹ́ bíi mypy, tó ń yẹ type wò, ló máa pariwo. Ohun tí type ò lè sọ ni kó o kọ:

```
class Ajo:
    """Àjọ ẹgbẹ́ kan, títí á fi kárí.

    iye: owó tí ẹnì kan ń dá lọ́sẹ̀, ní fránkì, ó gbọ́dọ̀ ju 0 lọ.
    omo_egbe: orúkọ wọn, bí wọ́n ṣe máa kó o tẹ̀léra.

    >>> a = Ajo(500, ["Ṣadé", "Bọ́sẹ̀", "Àlàbá"])
    >>> a.apapo()
    1500
    """
```

Àpẹẹrẹ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Tẹ `python -m doctest ajo.py`, á dán àpẹẹrẹ náà wò: bí `apapo` bá yí padà lọ́la tí èsì ò jẹ́ 1500 mọ́, á fi hàn ọ́. Tí gbogbo ẹ̀ bá pé, kò ní sọ nǹkan kan.

Ṣábẹ̀ẹ́_tèmi
Kí n fi kún un: má wulẹ̀ to àwọn method (iṣẹ́ tí class ń ṣe, bí `apapo`) tó fi `_` kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. `help(Ajo)` gan-an kì í fi wọ́n han èèyàn.

ọmọ_Àjàṣẹ́
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ibi «títí á fi kárí» yẹn ló mú mi dúró. Tẹ́nì kan bá ti kó tirẹ̀, tó wá sá lọ ńkọ́? Kò sí nínú code mi rárá.

ará_Kétu
Bi àwọn ìyá náà. Má dá a rò fún wọn.

ọmọ_Àjàṣẹ́
Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní olórí àjọ ló ń san án. Mo ti fi `olori` kún class náà, àlàyé rẹ̀ sì gùn ju ti `iye` lọ.