Alápá ni àbí alápàá? Lórí orúkọ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan tí a kì í sábà rí

Ẹ̀yin ará mi,

Ọ̀gá wa tí wọ́n kọ̀wé láti Ìjẹ̀bú-Igbó dábàá pé kí a máa pe alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hirundo leucosoma ní "alápàáǹdẹ̀dẹ̀ alápàá funfun", nítorí funfun tí ó wà ní apá rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n fi sórí ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn. Bí "oní" bá pàdé "apá", "alápá" ni yóò dà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń di "aládé" bí ó bá pàdé "adé". "Àpá" tí egbò ń fi sílẹ̀ ni í di "alápàá", bí "àlá" ṣe ń di "alálàá". Ẹyẹ tí egbò ti jinná sí lára ni ọ̀gá wa kọ sílẹ̀ fún wa.

Síbẹ̀, mo rí ẹyẹ náà fúnra mi ní Ìpẹ̀rù, lórí wáyà iná iwájú ilé bàbá mi àgbà. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀kan nínú àwọn tí ń kọ́lé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni, ṣùgbọ́n iwájú orí ti ilé wa a máa pọ́n bí ilẹ̀pa, tòun kò sì ní pupa kankan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí aṣọ aláró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, ọ̀fun títí dé ikùn rẹ̀ sì funfun. Ìgbà tí ó fò ni mo rí i pé funfun apá rẹ̀ kò ju àmì kan lọ, ní ìhà inú, nítòsí ara, bí ẹni pé wọ́n fi ìka kan ẹfun tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Bí a bá wá pè é ní "alápá funfun", ọmọ tí ó bá gbé awò sójú yóò máa wá ẹyẹ tí gbogbo apá rẹ̀ funfun, lékèélékèé ni yóò sì rí.

Ojú àpá kò jọ ojú ara, ohun tí mo rí gan-an nìyẹn. Ọ̀gá wa ṣi ohùn, wọ́n sì bọ́ sí òtítọ́, èyí tí ó ń bí mi nínú díẹ̀. Àbá tèmi ni "alápàá-lápá", kí àpá àti apá lè jókòó pọ̀.

Arábìnrin tí ó fẹ́ "abilà", nítorí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, kò ṣe àṣìṣe lórí gírámà, ṣùgbọ́n Cecropis abyssinica, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ mìíràn, ni orúkọ yẹn tọ́ sí, òun ni ilà wà láyà àti níkùn rẹ̀. Swainson pàápàá, onímọ̀ ẹyẹ ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó sọ ẹyẹ tiwa lórúkọ ní 1837, "ara funfun" ni leucosoma tirẹ̀, kò tilẹ̀ dárúkọ apá.

Ní ti ẹni tí ó ní ará Rẹ́mọ bí èmi kò lè kọ́ ará Ìjẹ̀bú ní àmì ohùn, kí ó kọ́kọ́ dáhùn èyí: "alápàá" tí ó wà nínú "alápàáǹdẹ̀dẹ̀" fúnra rẹ̀ ńkọ́, apá ni àbí àpá? Bàbá mi àgbà máa ń ní àpá amọ̀ tí ó ń lẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀. N kò fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ èyí tí ó sàn jù ú lọ láti Ìjẹ̀bú-Igbó.