Òwú tó bá àbẹ́là ìda ọ̀pẹ mu

Wákàtí àkọ́kọ́ ló máa ń tan ẹni tó ń ṣe àbẹ́là ìda ọ̀pẹ jẹ. Iná á gbẹ́ ihò tóóró sí àárín, ìda tó wà létí ife á dúró gbọin, a ó sì rò pé òwú náà kéré jù. Ẹ fara balẹ̀ ná. Bí iná bá ṣe ń wálẹ̀ nínú ife ni ooru ń gbá jọ síbẹ̀, ìda tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Òwú tó bá yọ́ ìda dé etí pátápátá ní wákàtí méjì àkọ́kọ́ gan-an ló ti tóbi jù. Tó bá fi máa dé ìdajì ife, ọwọ́ iná á ti gùn, á máa jó fìrìfìrì, orí òwú á wú bí olú, èéfín á kun ẹnu gíláàsì dúdú, ife á sì gbóná débi tí ọwọ́ ò ní lè dì í mú.

Ìda yìí le ni. Epo pupa tá a fi ń se ọbẹ̀ á ti yọ́ tán ní nǹkan bíi 35°C, àmọ́ ìda tí wọ́n fi epo ọ̀pẹ ṣe ní iléeṣẹ́ máa ń fẹ́ ooru tó sún mọ́ 60°C. Nínú fìtílà, epo ti ṣàn kí òwú tó fà á. Nínú àbẹ́là, iná fúnra rẹ̀ ló máa yọ́ ohun tó fẹ́ mu. Ìdí nìyẹn tí òwú fìtílà tí wọ́n kàn lọ́ pọ̀ kì í fi í ṣiṣẹ́ níbí: ó máa ń nàró ṣánṣán, orí rẹ̀ á sì di èédú. Èyí tí wọ́n hun pẹlẹbẹ ló dáa, torí ó máa ń tẹ orí sí etí ọwọ́ iná, ibẹ̀ ló ti ń jóná di eérú. Irú òwú pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní CSN ni mo fara mọ́ jù, torí ìda ọ̀pẹ wà lára ohun tí wọ́n ṣe é fún.

Ẹ wọn inú ife, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Fún ife tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7, ẹ fi CSN 11, 12 àti 14 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga sí ni òwú tóbi sí) dánwò nínú ife mẹ́ta tó dọ́gba. Tí ife bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 9 lọ, òwú méjì tó kéré sàn ju ẹyọ kan tó tóbi. Kí ìda àti òróró olóòórùn dídùn dọ́gba nínú gbogbo wọn, bíi gíráàmù 12 òróró sí gíráàmù 200 ìda. Tí ẹ bá yí òróró padà, ẹ tún ìdánwò ṣe. Ẹ má fi kíréyọ̀n pa á láró o, ó máa ń dí òwú.

Ẹ kọ́kọ́ ri òwú sínú ìda gbígbóná títí tí kò fi ní hó mọ́, kí ẹ nà án kó tó gan. Ẹ da ìda ní nǹkan bíi 90 sí 95°C sínú ife tẹ́ ẹ ti mú lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ bò ó kó lè tutù díẹ̀díẹ̀, ìgbà yẹn ló máa ń ya àwòrán bí ìyẹ́ ẹyẹ sára.

Ibi tó tẹ̀ lé e yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Bí ìda ọ̀pẹ ṣe ń tutù ló ń fún pọ̀, ihò á wá fara pa mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú lábẹ́ orí tó dán. Lọ́jọ́ tí iná bá débẹ̀, ìda tó yọ́ á rọ́ sínú ihò náà, òwú á gùn síta lójijì, iná á sì ru sókè. Òwú tó tọ́ ni wọ́n á máa dá lẹ́bi. Gbàrà tí ojú rẹ̀ bá ti gan, ẹ fi igi súyà gún un yí òwú ká, kó wọlé dáadáa, kí ẹ sì fi ìda tẹ́ ẹ ṣẹ́ kù dí i.

Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ẹ gé òwú sí mìlímítà 6, ẹ gbé e síbi tí fáànù ò dé, ẹ tàn án fún wákàtí 4, ẹ pa á kó tutù pátápátá, kí ẹ tún un gé, kí ẹ tún un tàn, títí á fi jó tán. Ìdá kan nínú mẹ́ta tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ ife ni ẹ máa wò. Tí òwú méjì bá jọ fi gíláàsì sílẹ̀ ní mímọ́ níbẹ̀, èyí tó kéré nínú wọn ni kẹ́ ẹ mú.