Èsì sí “ìṣojú-ẹ̀yà”: a- la fi ń pe aṣojú, kì í ṣe ì-

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà kí n tó jiyàn. Ọ̀gá wa tó kọ̀wé lánàá ní ká máa pe bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan jáde nínú kàtúùnù tí wọ́n fi ìtàn ìbílẹ̀ ṣe ní “ìṣojú-ẹ̀yà”. Wọ́n ní ṣe + ojú ni, ẹ fi ì- síwájú, ó parí.

Kò parí, sà. “Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe ń jà.” Ẹni tó wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dúró fún ẹlòmíràn, a- la fi pè é: aṣojú, aṣojú-ṣòfin. Ìṣojú-ẹ̀yà á wá túmọ̀ sí pé ẹ̀yà náà jókòó, ó ń wò ó bí wọ́n ṣe ń yà á, ẹnikẹ́ni ò sì bi í léèrè. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn.

Ẹ wo Mọremí. Lọ́dún 2023, Shofela Coker fi orúkọ rẹ̀ ṣe fíìmù kúkúrú kan nínú Kizazi Moto, àkójọ kàtúùnù tí àwọn ọmọ Áfíríkà ṣe, inú mi sì dùn pé orúkọ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí Ifẹ̀ ń sọ, àwọn Ìgbò tó fi ìko bora ń wá kó wọn lẹ́rú, Mọremí sì jẹ́ kí wọ́n mú òun kó lè mọ àṣírí wọn. Ẹni tó bá yà wọ́n bí iwin, tó pe orúkọ wọn láìṣàlàyé, ọmọ ilé-ìwé á rò pé ará Ẹnúgu ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ àwọn Ugbò ní Ìlàjẹ ní àwọn ni ìtàn ń bá wí. Nígbà tí Ọọ̀ni ṣí ère Mọremí tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42 lọ́dún 2016, inú Olúgbò, ọba àwọn Ugbò, ò dùn sí i rárá.

Ọmọ Ìgbókọ̀dá ní Ìlàjẹ ni ìyá bàbá mi. Lórí ẹní lẹ́bàá ààrò ló ti ń sọ ìtàn Mọremí fún wa. Tó bá dé ibi tí àwọn oníko ti jáde, á dákẹ́, á tún ìró rẹ̀ ró, á ní: “Àwọn baba wa nìyẹn o. Ilé wọn ni wọ́n wá gbà.” Kì í pè é ní àlọ́.

Dípò “ìṣojú-ẹ̀yà”, “àfihàn ẹ̀yà” ni mo fara mọ́. Ẹni tó ní ká máa pe kí oríṣiríṣi wà pọ̀ (“diversity”) ní “ìpínyàtọ̀”, ọlọ́kan-ò-jọ̀kan ti wà nílẹ̀, kí la tún fẹ́ fi ìpínyàtọ̀ ṣe?

Ọdún 30 tí ọ̀gá wa fi kọ́ni, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ìyá tí mo ń sọ yìí ò mọ̀wé, kò sì fi ìṣojú pe aṣojú rí.